Íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, hub ilé wa yadi: kí ni kí a ṣe?

Ìyá Tósìn, Ọbáńtòkò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà láàárín èmi àti bàbá Tósìn.

Àbúrò ọkọ mi ló ra hub kan fún wa, àpótí kékeré tó ń so àwọn ẹ̀rọ ilé pọ̀ kí a lè máa fi fóònù darí wọn, nígbà tí a kó wọ ilé tuntun. Ó so gílóòbù pálọ̀ mọ́ ọn, ó so iná ìta, fáànù yàrá àwọn ọmọ, mọ́tò géètì àti kámẹ́rà. A gbádùn rẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Mo lè tẹ fóònù láti ojú títì, kí géètì ti ṣí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná ìta á tan ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni katakata àwọn tó ń ṣe títì gé wáyà fáíbà àdúgbò wa. Iná wà. Wáífáì ń hàn lórí fóònù. Íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí. Mo ṣí ápù, ó kàn ń pòòyì lójú kan. Iná ìta kò tàn, géètì kò dáhùn. Èmi wà nínú ọkọ̀ nínú òjò, mò ń fun fèrè, àwọn ọmọ sì ti pa fèrèsé dé nítorí ààrá, wọn ò gbọ́.

Bàbá Tósìn ní kí a tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àbúrò rẹ̀ ní hub kò ṣẹ̀, kí a lọ ra íńtánẹ́ẹ̀tì kejì. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni pé: èmi wà nílé mi, gílóòbù wà nílé mi, hub wà lórí tábìlì nílé mi. Kí ni íńtánẹ́ẹ̀tì wá ṣe láàárín wa?

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́

Àbúrò ọkọ yín ló jàre. Ẹ wá ráútà tó ń gba fáíbà àti síìmù pọ̀. Bí fáíbà bá kú, síìmù á gbé e. Ó parí.

Oníṣẹ́ Iná, Àsẹ̀rọ̀

Kò tíì parí o, àbúrò mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ pọ̀ létí òkun Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní síìmù méjì rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀nà kan ni méjèèjì ń gbà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kejì dára, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdáhùn sí ohun tí Ìyá Tósìn bi wá.

Mà, ibi tí ẹ̀rọ yín ti ń ronú ni kí ẹ wá. Hub kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ fóònù ní pálọ̀, àṣẹ yẹn á jáde kúrò nílé, á gba inú fáíbà lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, ìyẹn á wá dá a padà sílé yín pé kí gílóòbù tàn. Cloud ni wọ́n ń pe èyí. Bí ọ̀nà bá ti dí, àṣẹ kò jáde, kò sì padà. Hub kejì wà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń ṣe ìpinnu. Philips Hue Bridge wà lára wọn, Hubitat náà wà níbẹ̀, Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ hub, sì ni ìkẹta tí mo máa ń rí. Fóònù á gba orí Wáífáì ilé bá hub sọ̀rọ̀, hub á fi Zigbee, ìgbì rédíò kan tó yàtọ̀ sí Wáífáì, bá gílóòbù sọ̀rọ̀. Kò sí ará òkè òkun kankan níbẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa wà láàárín méjèèjì, òun ló sì ń da orí àwọn ènìyàn rú. Hub Zigbee ti ilé-iṣẹ́ Tuya, fún àpẹẹrẹ, lè dá ètò ṣe láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì bí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ètò náà bá wà lábẹ́ hub kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ọjọ́ kún un, tàbí ẹ ní kó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù yín, ètò yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ cloud nìyẹn.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ráútà, ẹ má pa ráútà fúnra rẹ̀ o, kí ẹ máa tẹ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá sọ èyí tó gbọ́ àti èyí tó kọ etí ikún.

Bàbá Àgbà, Ìbarà

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Iná ìta ilé mi ní photocell lórí. Oòrùn wọ̀, ó tàn. Ilẹ̀ mọ́, ó kú. Kò ní ápù, kò bèèrè dátà, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ cloud. Súwíìṣì ara ògiri mi náà kò tíì ní kí n wá tún wọlé rí.

Kọ́lá, FUNAAB

Ẹ kú àgbà sà.

Ìyá Tósìn, àyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ ṣe yẹn lè tàn yín jẹ o. Bí Wáífáì kò bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ́ sórí dátà síìmù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti bọ́ síbẹ̀, kò sí nínú ilé mọ́ lójú hub, ẹ óò sì máa bínú sí hub lásán. Ẹ pa dátà fóònù pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí fóònù bá bèèrè bóyá kó dúró lórí Wáífáì tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má sì jáde nínú àkántì yín lórí ápù lásìkò yẹn, torí ẹ lè má ráyè wọlé padà títí íńtánẹ́ẹ̀tì á fi dé.

Ìyá Tósìn, Ọbáńtòkò

Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣe é lálẹ́ àná, mo pa dátà bí Kọ́lá ṣe wí. Àwọn gílóòbù pálọ̀ gbọ́! Ẹnu ya bàbá Tósìn. Fáànù kò gbọ́, iná ìta kò gbọ́, géètì kò gbọ́. Mo ti fi àwòrán hub àti ẹ̀yìn àwọn súwíìṣì náà ránṣẹ́ sí Oníṣẹ́ Iná ní kọ̀rọ̀.

Oníṣẹ́ Iná, Àsẹ̀rọ̀

Mo ti rí àwòrán, mà. Gílóòbù pálọ̀ jẹ́ Zigbee, ọmọ hub ni wọ́n. Fáànù, iná ìta àti géètì wà lórí súwíìṣì Wáífáì. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ hub rárá. Inú ápù kan náà ni wọ́n ti jọ ń hàn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé wọ́n jọ wà lábẹ́ àkóso kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá gba ojú ráútà kọjá lọ bá cloud tirẹ̀. Hub kò mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà ẹ má tú nǹkan kan dànù. Súwíìṣì fáànù àti ti iná ìta ni kí ẹ pààrọ̀ sí Zigbee. Wáífáì kò ṣe é fi ọkàn tán fún irú iṣẹ́ yìí.

Kọ́lá, FUNAAB

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, Wáífáì kọ́ ló jẹ̀bi. Súwíìṣì Shelly ń lo Wáífáì, bẹ́ẹ̀ ó ń gba àṣẹ nínú ilé láìbá cloud kankan sọ̀rọ̀. Súwíìṣì Sonoff tó ní chip ESP8266 nínú, ẹ lè fi Tasmota tàbí ESPHome, tí wọ́n jẹ́ ètò ọ̀fẹ́, rọ́pò ètò tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀, á sì di ti ara yín. Ohun tó burú ni ẹ̀rọ tí kò mọ ìyókù ilé, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Oníṣẹ́ Iná, Àsẹ̀rọ̀

Òótọ́ lo sọ, mo gbà. Àmọ́ ta ni yóò máa bá Ìyá Tósìn fi wáyà gun chip láti kọ ètò tuntun sínú rẹ̀? Bí ọjà bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní òru.

Àlàbí, Láfẹ́nwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó lè gùn díẹ̀.

Home Assistant ni mò ń lò. Ọdún 2013 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ilé ló sì ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn tó wà ní ìlú òyìnbó ń sọ lórí ayélujára ni pé kí a ra Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré bíi pátákó, kí a fi Home Assistant sórí káàdì SD rẹ̀. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́, káàdì yẹn á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo ètò ilé á sì bá a lọ.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan tòkunbọ̀ ni mo rà, èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tí olówó rẹ̀ fẹ́ yára tà. Ó ní bátìrì tirẹ̀, tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá mú iná lọ, kò mọ̀. Ó ní SSD, ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó lágbára ju káàdì lọ. Ó sì ní aago tí kì í kú. Mo fi ọ̀pá Zigbee kékeré sí ojú USB rẹ̀, mo sì fi wáyà USB gígùn díẹ̀ gbé ọ̀pá náà jìnnà sí ara kọ̀ǹpútà, torí ojú USB 3 máa ń da ìgbì 2.4 GHz láàmú, ìgbì yẹn náà sì ni Zigbee àti Wáífáì jọ ń jà sí. Kí n tó gbé e jìnnà, iná yàrá ẹ̀yìn ń gbọ́ lónìí, ó ń di adití lọ́la. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti tò.

Ọ̀rọ̀ aago yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ni kò ní bátìrì aago. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bèèrè pé aago mélòó ló lù. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan bá lọ, wọ́n á máa ka aago wọn lọ, kò sí wàhálà. Bí iná bá wá lọ, tó dé padà nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé, wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Shelly tí Kọ́lá ń yìn yẹn máa ń ní ìṣòro yìí. Raspberry Pi 4 náà ní in. Pi 5 ní ààyè fún bátìrì aago, àmọ́ ọ̀tọ̀ lẹ máa ra bátìrì náà.

Kọ́lá, FUNAAB

Ọ̀rọ̀ aago yẹn dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Nílé tiwa, ráútà ló ń sọ aago fún ìyókù, ráútà sì wà lórí bátìrì. Kì í ṣe gbogbo ráútà ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà, Ìbarà

Photocell mi kò bèèrè aago.

Àlàbí, Láfẹ́nwá

😂 Bàbá, ẹ ti borí. Ní tòótọ́, iná ìta kò yẹ kó dúró de aago. Mo fi ẹ̀rọ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, tó ń lo Zigbee àti bátìrì, sí ìta. Bí ó bá ṣókùnkùn dé ìwọ̀n kan, ó ń sọ fún Home Assistant. Iṣẹ́ photocell Bàbá náà ni, mo kàn náwó jù wọ́n lọ.

Múfútáù, Kútọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná kì í lọ. Ní Abẹ́òkúta yìí, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ lẹ́ẹ̀kan, iná á ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Zigbee jẹ́ ìjọ tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn. Gílóòbù tó wà lórí iná ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu hub, ó ń gbé e fún èyí tó wà níwájú. Ẹ̀rọ oníbátìrì, irú èyí tó ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ṣí, kì í bá ẹlòmíì gbé ọ̀rọ̀. Ẹ wá wò ó: wọ́n mú iná lọ, ínfátà gbé pálọ̀ nìkan, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kú. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti pàdánù ẹni tó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ nìyẹn, hub kò sì ní gbọ́ nǹkan kan láti ibẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so sọ́kẹ́ẹ̀tì Zigbee kan mọ́ ojú iná ínfátà láàárín ilé. Kò sí ohun tí mo fi sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń gbé.

Ráútà àti hub ní tiwọn, mini UPS ni, bátìrì kékeré tó ń gbé wọn nígbà tí iná bá lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà yín kí ẹ tó rà á: òmíràn jẹ́ 12V, òmíràn 9V, hub kékeré sábà máa ń jẹ́ 5V. Ẹni tó bá fi 12V sí 5V, kó máà wá sọ níbí pé hub òun kò dára.

Nǹkan kan tún wà: ẹ wo inú ápù bí gílóòbù ṣe máa ń ṣe nígbà tí iná bá dé padà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tàn gbòò láago mẹ́ta òru. Ẹ yí i sí "bó ṣe wà tẹ́lẹ̀".

Ọmọ Òkè-Mosàn

Ẹ má rò pé àìrí íńtánẹ́ẹ̀tì wa nìkan ló fa èyí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀rọ Amazon Web Services tó wà ní Virginia, Amẹ́ríkà, tí cloud ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, dàrú. Alexa tó ń gba àṣẹ ẹnu ń dákẹ́, kámẹ́rà Ring ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì wà nílé àwọn oníbàárà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Insteon, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé bíi tiwa, ti cloud rẹ̀ pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn súwíìṣì ara ògiri ṣì ń ṣiṣẹ́, ápù ló kú. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà kan kó owó jọ, wọ́n ra ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì tan án padà. Àwọn tó ra hub Revolv kò ríbi gbé e gbà: ilé-iṣẹ́ Nest tó ti rà á pa á ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ohun tí wọ́n fi 300 dọ́là rà sì di páálí lásán.

Torí náà, kí ẹ tó rà, ẹ bi ẹni tó ń tà á: bí ilé-iṣẹ́ yìí bá kógbá sílé lọ́la, kí ló ṣẹ́kù fún mi? Matter, ìlànà àjùmọ̀lò fún ẹ̀rọ ilé tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ń gbìyànjú àtiyanjú èyí, torí inú ilé ni àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gbọ́ àṣẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ so ó, íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbọ́dọ̀ wà.

Ìyá Tósìn, Ọbáńtòkò

Ẹ kú làálàá. Géètì ńkọ́? Iná ìta lè dúró, mi ò tún fẹ́ dúró nínú òjò mọ́.

Oníṣẹ́ Iná, Àsẹ̀rọ̀

Mọ́tò géètì yín ní rìmóòtù tirẹ̀ tó bá a wá nínú páálí, mà. Bóyá àbúrò wa jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Rìmóòtù yẹn kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ kan wà lára mọ́tò tí a fi ń tú géètì sílẹ̀ kí a lè fi ọwọ́ tì í. Kí gbogbo ilé mọ bí wọ́n ṣe ń yí i, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ti dé ilé tí iná lọ, bátìrì mọ́tò kú, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa fo ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi fóònù ṣí i, GSM opener wà. Ẹ fi síìmù sí i, ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú rẹ̀, bí ẹ bá pè é, á já ìpè náà, á sì ṣí géètì. Kò gba dátà, ìpè náà kò sì gba owó torí kò gbé e.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà ṣá. Ní àdúgbò tí àpáta ti dí lójú, ìpè gan-an ń já. Ẹ bi àwọn tó wà lẹ́yìn Olúmọ.

Tóyìn Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mi ní káàdì nínú. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, mi ò lè wò ó láti ilé, ṣùgbọ́n ó ń ká ohun tó ń lọ sílẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?

Múfútáù, Kútọ̀

Ó tó títí olè á fi yọ kámẹ́rà mọ́ káàdì lọ, mà. Ẹ ra èyí tó ní ONVIF, ìlànà tí kámẹ́rà fi ń bá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, kí ẹ so ó mọ́ NVR, àpótí tó ń ká àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, tí ẹ gbé pamọ́ sókè àjà. Wáyà ni kí ẹ fi so wọ́n bó bá ṣeé ṣe.

Àbẹ̀kẹ́, London

Ẹ kú àárọ̀ o. Ilé àwọn òbí mi ní Ìdí-Aba ni tèmi. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára fún ẹni tó wà nílé. Èmi tí mo wà níhìn-ín, tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá màmá ti ti ilẹ̀kùn ńkọ́?

Àlàbí, Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n mi, fún yín, Ọmọ Pánsẹ́kẹ́ ló sọ òótọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà kankan jáde nílé, kò sí hub tó lè bá yín sọ̀rọ̀ ní London. Kí ẹ fi ráútà síìmù kún fáíbà, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká wa kì í sábà fún yín ní àdírẹ́sì tí ẹ lè ti ìta kàn, torí náà Tailscale, ètò kan tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ yín, ni mo fi ń wọ ilé mi. Ó ń gba abẹ́ ìdínà yẹn kọjá, kò sì gba owó fún ẹbí kékeré.

Àmọ́ ilẹ̀kùn màmá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ìka tàbí kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí i. Ẹ lè máa wo bóyá wọ́n ti tì í. Kí ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé láti London nìkan ni wọ́n ti lè ṣí i fún wọn.

Fẹ́mi, Ìjẹmọ̀

Mo fẹ́ bi Oníṣẹ́ Iná ní ìbéèrè kan. Ilé bàbá wa ti pẹ́, mo tú súwíìṣì kan wò, wáyà méjì péré ni mo bá nínú rẹ̀. Kò sí neutral, wáyà tó ń dá iná padà. Ṣé mo ṣì lè fi Zigbee síbẹ̀?

Oníṣẹ́ Iná, Àsẹ̀rọ̀

O lè fi í síbẹ̀. Bèèrè súwíìṣì Zigbee tí kò nílò neutral, ó wà. Ṣùgbọ́n mọ nǹkan méjì: irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíì bí Múfútáù ṣe ṣàlàyé, nítorí náà má fi í ṣe afárá. Èkejì, iná díẹ̀ ló ń jí gba ara gílóòbù kó lè wà láàyè. Bó bá jẹ́ LED kékeré, gílóòbù náà lè máa ṣẹ́jú lẹ́yìn tí o ti pa á. Kapásítọ̀ kékeré kan máa ń bá súwíìṣì náà wá nínú páálí, àwọn èèyàn a sì dà á nù. Ara gílóòbù ni wọ́n ń so ó mọ́, láàárín live àti neutral rẹ̀. Kí o pa iná láti méènì kí o tó fọwọ́ kàn án.